Ọ̀gá Òǹtẹ̀ àti Fáìlì Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti yáwó ra ilé rí, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì yá, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ lè mọ irú ojú tí ẹ ó bá lẹ́yìn tábìlì. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tó ń yá àwọn ènìyàn lówó ilé ní báńkì kan. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé bí òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan ìwé, owó báńkì náà kò lè ra ilé ẹyẹlé pàápàá.

Òǹtẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lásán. Orí tìmùtìmù pupa kékeré ló ń sùn, nínú àpótí onígi tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Bí aago mẹ́wàá bá lù, akọ̀wé rẹ̀ yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọlé, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò sì dìde. Ọ̀gá yóò mí sí i, hà, hà, yóò gbé e sókè, yóò wo òkè àjà bí ẹni pé wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. "Ó ti tẹ̀ ẹ́ o," ni akọ̀wé yóò wí. Àwọn tó kù yóò dáhùn pé, "Ọwọ́ yín kò ní rọ, sà." Bí ìwé mọ́kànlá bá wà láti tẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìgbà mọ́kànlá ni wọn ó dìde. Òṣìṣẹ́ kan tí orúnkún ń dùn ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì ń dúró de òǹtẹ̀.

Àga ọ̀gá wà lórí pèpéle. Àga àwọn oníbàárà ńkọ́? Ó ti ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kúrú. Ó gbà pé ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n kì í lè jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín kí a tó lọ jìnnà. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ń pè ní "ilé tí mo fi òógùn ojú mi nìkan rà." Irọ́ ni. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ akọ̀wé kékeré tí bàtà rẹ̀ ń mu omi, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n jọ yáwó rà á. Ọ̀kan jẹ́ onígbàjámọ̀, èkejì jẹ́ atúnbàtàṣe. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè dá ra ju ilẹ̀kùn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa á pọ̀, ó tó. Ọdún yẹn gan-an ni báńkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ọ̀rẹ́ lówó pọ̀, tiwọn sì ni fáìlì àkọ́kọ́. Onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún ìsàlẹ̀, atúnbàtàṣe mú ọwọ́ òsì, àwọn méjèèjì sì fi òkè sílẹ̀ fún un nítorí pé ó ń bẹ̀rù èèrà.

Bí ipò rẹ̀ ṣe ń gòkè ni ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lára. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wá kí i nílé, tó béèrè pé ta ni àwọn ọkùnrin méjì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ kàn sọ pé, "Ayálégbé mi ni wọ́n, sà." Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá wà lókè, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń gbà. Bí àlejò náà bá jẹ́ ẹni ńlá, onígbàjámọ̀ yóò gun òkè wá pẹ̀lú àpò lẹ́tà lọ́wọ́, yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, yóò ní, "Lánlọ́ọ̀dù, owó ilé rèé o." Bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n gé bí owó ló wà nínú rẹ̀. Àwàdà ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ kì í sì í du ara wọn ní àwàdà. Nígbà tó fi máa di ọdún kejìlélógún, Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ti ń bá wọn wí pé àpò lẹ́tà náà fẹ́lẹ́.

Ìyẹn ni pé irọ́ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ló máa pa á.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àwọn obìnrin mẹ́ta wọlé. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ télọ̀ tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀kẹta ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, Tíṣà Mọ́tò ni wọ́n sì ń pè é. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Nọ́ọ̀sì kò lọ́kọ, ọkọ télọ̀ ti kú, ọkọ Tíṣà Mọ́tò sì ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Onílé ti lé wọn káàkiri tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ fi mọ ìgboro ju awakọ̀ lọ. Ní báyìí, bàbá arúgbó kan tó ń tún aago ṣe fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ilé rẹ̀: yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná kan, àti fàráńdà tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, tí ẹ̀rọ ìránṣọ lè dúró sí. Bàbá aláago fẹ́ràn àwọn obìnrin náà. Ó ti ṣèlérí pé òun kò ní tà á fún ẹlòmíràn títí di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ọkùnrin kan wà nítòsí tó fẹ́ wó ilé náà palẹ̀ kó sì sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Wọ́n jókòó sórí àga kúkúrú mẹ́ta. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù wọn sókè bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò bóyá ó ti rà.

"Ẹ̀yin ìyá," ni ó wí, "báńkì yìí, ilé iṣẹ́ tí ẹ rí yìí, òpó tó gbé àwùjọ dúró, kì í ṣe pápá ìṣeré. Ilé níní jẹ́ ti ìdílé. Ìdílé ni ìpìlẹ̀, ìdílé ni òrùlé, ìdílé ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ wá jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni bàbá, ta ni ìyá, ta ni ọmọ?"

Akọ̀wé rẹ̀ mi orí pé ìbéèrè yìí jinlẹ̀. Òṣìṣẹ́ méjì kọ ọ́ sílẹ̀.

Télọ̀ dáhùn pé kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí ọmọ. Ọ̀rẹ́ ni àwọn, ẹni kọ̀ọ̀kan ló sì níṣẹ́ lọ́wọ́, àti pé ìwé báńkì fúnra rẹ̀ sọ pé ènìyàn mẹ́rin lè jọ yáwó, kò sì béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín àánú. Ó ní àwọn àgbà ti wí i pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.

"Mẹ́ta ni wá, sà," ni nọ́ọ̀sì wí. "A sì ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ẹnìkan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wúkọ́, ikọ́ náà sì jọ ẹ̀rín. Èyí ìbá ti tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún ti ń ro télọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè rí ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bójú mu kó má wọ̀n ọ́n. Ó fa téèpù sílẹ̀ lọ́rùn, ó wọn ẹsẹ̀ àga tó jókòó lé, ó sì sọ fún Tíṣà Mọ́tò pé, "Ínṣì mẹ́sàn-án. Ti jẹ́lé-ó-sinmi ga jù ú lọ." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n yàrá náà dákẹ́, gbogbo ènìyàn sì gbọ́.

Ojú Ọ̀gá Òǹtẹ̀ pọ́n. Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún wọn pé kí wọ́n lọ mú ẹ̀rí ìbátan wá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wà lórí pèpéle rẹ̀ títí di ọ̀sán, inú ń bí i, ohùn télọ̀ sì ń pariwo ínṣì mẹ́sàn-án ní etí rẹ̀. Ó bọ́ sí àsìkò pé ipò olórí gbogbo ẹ̀ka ṣí sílẹ̀, alábẹ̀wò kan sì ń bọ̀ láti orílé-iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù láti wò ó bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ti kọ̀wé béèrè ipò náà. Níbi tí wọ́n ti bi í nípa ohun tó ní, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, èmi nìkan ni mo rà á, ayálégbé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iṣẹ́ ribiribi tí orílé-iṣẹ́ yóò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn ń gbé inú ihò àpáta, ó sì dé orí ara rẹ̀ kíákíá. Kókó rẹ̀ ni pé láti òní lọ, kò sí ẹni tó lè jọ yáwó ilé àfi àwọn tó bá ara wọn tan. Àwọn tí wọ́n ti yá a tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí ìbátan wá, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ẹtì tí alábẹ̀wò ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n dá gbogbo owó padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé sọ pé òun kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, òótọ́ ló sì sọ.

Obìnrin àgbà kan ló ń tọ́jú yàrá fáìlì, Ìyá Fáìlì ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ṣé gbogbo fáìlì ni, àbí àwọn kan?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé láti orí èyí àkọ́kọ́?"

"Láti orí èyí àkọ́kọ́, màmá. Òfin mi kì í wo ojú ẹnikẹ́ni."

Ìyá Fáìlì wò ó díẹ̀. Ó ní ó dáa, ó gbé ìwé òfin náà, tí ìbéèrè bàbá, ìyá àti ọmọ wà nínú rẹ̀, ó sì padà sí yàrá rẹ̀ lọ kọ lẹ́tà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé obìnrin náà kò fi ẹjọ́ ọ̀gá sun ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ pé gbogbo rẹ̀ ni.

Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ọ̀gá tẹ òǹtẹ̀ mọ́ wọn láì ka orúkọ orí wọn, nítorí òkè àjà ló ń wò. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ dìde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, báńkì kún bí ilé ìwòsàn. Àwọn tó jọ ra ilé ń dé pẹ̀lú ẹ̀rí. Ọkùnrin kan gbé ìkòkò wá láti fi hàn pé òun àti ẹnìkejì òun jọ ń jẹun nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjì tí wọn kò bá ara wọn tan rárá wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń pe ara wọn ní bùrọ̀dá, ọ̀gá sì gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó wá ní kí wọ́n mú rúlà wá kí òun máa fi wọn imú. Àwọn arábìnrin méjì tí ìyá kan bí, tí ìyá náà sì jókòó tì wọ́n, ni rúlà sọ pé wọn kì í ṣe ìbátan. Ìyá wọn béèrè pé ta ni òun bí nígbà náà. Ọ̀gá ní kí ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ojoojúmọ́ ni télọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ sọ̀rètí nù. Ó sọ fún àwọn yòókù pé bóyá kí àwọn tún lọ wá yàrá tí àwọn ó háyà. Bàbá aláago ti di aago rẹ̀ méjìdínlógójì sínú páálí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọ̀gá ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ gbé lẹ́tà kan ka iwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Ó kà á sókè kí ìyàwó lè gbádùn rẹ̀: "A ti kíyè sí i pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn méjì tí kò bá yín tan kó ara yín jọ ra ilé, bí àwọn ọmọdé tó ń dá owó ra gúgúrú." Ó dúró. Ó ní ẹni tó kọ èyí mọ ìwé kọ. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí òǹtẹ̀ ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó wá wo òkè, ó rí orúkọ ara rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ pé oúnjẹ ń tutù. 

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí akọ̀wé tó wúkọ́ rárá, ó ti wà ní yàrá fáìlì. Ó fi ohùn kékeré béèrè bóyá fáìlì àkọ́kọ́ lè sọnù díẹ̀, fún bí ọdún mẹ́wàá. Ìyá Fáìlì sọ pé orílé-iṣẹ́ ti béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, òun sì ti fi ránṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ẹ ní òfin yín kì í wo ojú ẹnikẹ́ni," ni ó rán an létí, ó sì padà sí orí ẹ̀wù tó ń hun.

Ọ̀gá sáré lọ sílé. Ó gba ìsàlẹ̀ wọlé, ohun tí kò ṣe láti ọdún púpọ̀. Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì lórí àga, lẹ́tà tiwọn wà lórí tábìlì láàárín wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé ní ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn.

"Báwo ni ayálégbé ṣe máa di ẹ̀gbọ́n lánlọ́ọ̀dù?" ni onígbàjámọ̀ béèrè. "A sì ti san ti oṣù yìí."

Atúnbàtàṣe kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó dùn mí o. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o ti ní kí n gba ẹ̀yìn wọ ilé mi ló ti ń dùn mí. Mo rò pé o máa mọ̀ fúnra rẹ."

Ọ̀gá Òǹtẹ̀, ọkùnrin tó lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, kàn yí ẹ̀yìn padà. Ó gun òkè lọ.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ti to ara wọn láti kọrin kí alábẹ̀wò, ṣùgbọ́n obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì rọ́bà ti wọlé, ó ti jókòó láàárín àwọn oníbàárà fún ìdajì wákàtí, ìyá àwọn arábìnrin méjì yẹn sì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rúlà fún un. Nígbà tó dìde tó sọ pé òun ni alábẹ̀wò, akọ̀wé wúkọ́ ní tòótọ́.

Kò gun pèpéle. Ó ní kí wọ́n gbé fáìlì wá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́. Ó ṣí i, ó kà á, ó yọ fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá fi béèrè ipò, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó wá ní kí àwọn mẹ́ta tó ni fáìlì náà jáde. Onígbàjámọ̀ dìde. Atúnbàtàṣe dìde. Gbogbo ojú ń wá ẹni kẹta kiri títí ọ̀gá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, àga kúkúrú ni. Ó jókòó sí i, orúnkún rẹ̀ sì dé àgbọ̀n.

Alábẹ̀wò mú lẹ́tà òfin náà, ó ní ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí òun gbọ́dọ̀ béèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni bàbá, ta ni ìyá, ta ni ọmọ?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tirẹ̀ nìyí.

Onígbàjámọ̀ ló dáhùn. "Èmi ni bàbá, mà, nítorí èmi ló máa ń gé irun rẹ̀ nígbà tí kò lówó. Ẹni yìí ni ìyá. Ó tún bàtà tó fi lọ ìdánwò iṣẹ́ yìí ṣe, kò gbowó. Ọmọ wa ló jókòó yẹn."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, òṣìṣẹ́ tí orúnkún ń dùn ló tilẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ọ̀gá sì rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan já nínú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n," ni ó wí. "A jọ rà á ni. Wọn kì í ṣe ayálégbé mi."

Gbólóhùn mẹ́ta ni. Òun ni ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó sọ nínú ilé náà.

Alábẹ̀wò sọ pé ohun tí òun fẹ́ gbọ́ nìyẹn, àti pé báńkì kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ṣòfin tàbí láti wọn imú. Ó ya lẹ́tà náà. Ó béèrè bóyá àwọn kan wà tí ọjọ́ tiwọn fẹ́ kọjá lónìí. Télọ̀, nọ́ọ̀sì àti Tíṣà Mọ́tò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ka ìwé wọn tán, ó ní kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó mú òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé bí ẹni pa ẹ̀fọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dìde dé ìdajì kí wọ́n tó rí i pé ó ti parí. Ó tẹ ìwé ẹni tí orúnkún ń dùn pẹ̀lú. Tíṣà Mọ́tò ló wa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá aláago, wọ́n sì dé kí aago márùn-ún tó lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí aago kankan nínú ilé náà mọ́ tó lè lù ú.

Irọ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n fi gba àga lọ́wọ́ Ọ̀gá Òǹtẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá fáìlì, sábẹ́ Ìyá Fáìlì, ẹni tó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́. Àga kúkúrú ńkọ́? Télọ̀ ló kọ ìwọ̀n tó yẹ sórí bébà fún káfíńtà báńkì, kò sì gba nǹkan kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí fàráńdà iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Atúnbàtàṣe gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ó gbé àga kan fún un. Onígbàjámọ̀ ta aṣọ funfun sí i lọ́rùn, ó mú abẹ, ó wo ọrùn tó ti le gbagidi láti ọdún pípẹ́ wá.

"Tẹ orí ba, ọmọ wa," ni ó wí.

Ó tẹ̀ ẹ́ ba.